Ẹni Tó Ń Sọ Pé Ojúmọ́ Ti Mọ́

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì kúrò lójú mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí bi mí pé, "Màmá, kí lẹ rí?" Mo ní mo rí ògiri. Ó ní kí n sọ àwọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi nìkan ló kù lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ojú, tó tún fi ọgbọ́n àtúnṣe ojú sọ́wọ́ ẹ̀dá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò nínú yàrá yẹn. Ìyá Àgbà ni mo ń rò, ìyá tó bí bàbá mi, àti ọdún kan ṣoṣo tí mo bá a gbé ní Òfin, ní Ṣàgámù. Ọdún náà ni iṣẹ́ gbé bàbá mi láti Ìbàdàn lọ sókè Ọya. Ó kó màmá mi àti àwọn àbúrò mi dání, ó ní kí èmi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà máa dá sùn nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ náà dára. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rò ó pé ọmọdé náà lè má fẹ́ máa dá wà.

Ilé olóbì ni ilé Ìyá Àgbà. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn obì ti máa ń pàdé èèyàn, òórùn tó jọ ti ewé tútù àti ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Agbọ̀n ńláńlá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ewé tẹ́ inú wọn, wọ́n fi ewé bo ojú wọn. Bọ̀dá Ràṣídì, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, ló ń lọ ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ àti lọ́nà Likosi. Àwọn obìnrin ilé ló ń rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń ṣà á. Màlámù Dàúdà tó ń gbé ní Sábó ló sì ń rà á, tó ń dì í lọ sí Kánò. Ṣíṣà ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kòkòrò kan wà tó máa ń lu obì, ihò rẹ̀ kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Bí ẹyọ kan tó ti lu bá wọ inú agbọ̀n, kí agbọ̀n náà tó dé ibi tó ń lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Nítorí náà, Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣa obì lójú iná, ì báà jẹ́ àtùpà, ì báà jẹ́ gílóòbù. Ó ní iná tí èèyàn tàn máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan hàn ni, á sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì pa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run tàn ló ń yí nǹkan po.

Ilé yẹn ni mo ti kọ́ pé òwúrọ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ìdájí wà, ìgbà tí Ìyá Àgbà máa ń jí, tí n ó máa gbọ́ omi bútà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Àfẹ̀mọ́jú wà, ìgbà tí Ládàánì ti pe ìrun, tí wọ́n ti kí i tán, tí àwọn bàbá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, tí à ń fi ikọ́ dá wọn mọ̀ kí a tó rí ojú wọn. Ojúmọ́ wá wà. Ní àwọn ilé yòókù, ojúmọ́ kàn máa ń mọ́ ni, bí òjò ṣe ń rọ̀. Ní ilé tiwa, Ìyá Àgbà ló ń sọ pé ó ti mọ́. Tó bá ti sọ tẹ̀súbáà rẹ̀ sápò, á ki ọwọ́ bọ agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á mú obì méjì jáde láìwò wọ́n, á dúró lẹ́nu àbáwọlé, á la àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti rí èyí tó funfun, tó sì rí èyí tó pupa, á ní, "Ojúmọ́ ti mọ́." Kò ní pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé á gbọ́, ìró ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin á gbé àtẹ jáde, Bọ̀dá Ràṣídì á tú okùn agbọ̀n. Kó tó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan obì.

Nílé kéwú, nígbà tí alúfàá wa ń kọ́ wa bí a ṣe ń mọ ìgbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí èèyàn máa wo ìsàlẹ̀ ọ̀run títí yóò fi dá funfun mọ̀ yàtọ̀ sí dúdú. Mo nawọ́, mo ní obì ni Ìyá Àgbà mi fi ń wò ó. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi jáde. Wọ́n kúkú ti ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, èmi ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn, ìyẹn nìkan ti tó fún wọn láti máa sín mi jẹ lójú ọ̀nà. N ò ní ọ̀rẹ́ kankan ní àdúgbò. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni n ó lọ jókòó sí. Òun ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, gbogbo àwọn yòókù ń pè mí ní Rúkà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́, á yọ ẹja inú tirẹ̀, á fi sínú abọ́ mi, á ní eyín òun ń ro òun. Eyín rẹ̀ kò ro ó.

Ọ̀rọ̀ ojúmọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sùn, á ní, "Kí ojúmọ́ bá wa láàyè," èmi á sì ṣe àmín. Bí Bọ̀dá Ràṣídì bá ń tòògbé lọ sídìí iṣẹ́, á ní, "Ara tìrẹ ti dìde, ojúmọ́ rẹ ò tíì mọ́." Bí ẹnìkan bá kú mọ́jú, kì í sọ pé ó kú. Á kàn mi orí, á ní, "Ojúmọ́ ò bá a." Mo rò nígbà náà pé ojúmọ́ jẹ́ àlejò kan tí òun nìkan mọ̀ lójú, tó máa ń kan ilẹ̀kùn wa kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni Ìyá Àgbà ń sọ lójoojúmọ́, kò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tó ìgbà ọyẹ́ kí n tó fura. Ìyá Àgbà á dúró lẹ́nu àbáwọlé, á la àtẹ́lẹwọ́, á máa wò. Láti orí ẹní mi, èmi á ti rí i pé ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Òun á ṣì máa wò. Á gbé ọwọ́ súnmọ́ ojú, á tún nà án jìnnà. Àwọn obìnrin á ti jáde, wọ́n á gbé àtẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa dúró. Ìyá Múyì wà lára wọn, ayálégbé wa tó máa ń bá wa ṣa obì, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó yọ́ sọ fún Àǹtí Sílífá, ìyàwó Bọ̀dá Ràṣídì, pé, "Ojúmọ́ tòní yìí, ó jọ pé Èkó ló gbà wá."

Àǹtí Sílífá ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sínú gèlè. Ìyá Àgbà ní, "Mò ń gbọ́ yín o. Ẹ̀yin tí oorun ò tíì tán lójú yín." Àwọn náà bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé ó ti pa àtẹ́lẹwọ́ dé kó tó sọ pé ojúmọ́ ti mọ́, kò sì tún wo obì náà mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Màlámù Dàúdà dá agbọ̀n kan padà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí Ìyá Àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè alàáfíà gbogbo wa kó tó ṣí agbọ̀n náà. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ dé ìdí. Ó ní, "Ìyá, mi ò bá yín jà. Láti ayé bàbá mi la ti ń rà á lọ́wọ́ yín. Mo ní kí ẹ rí i ni." Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣa agbọ̀n náà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, nítorí àmì okùn aláwọ̀ ewé ni Ìyá Àgbà fi ń so tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bọ̀dá Ràṣídì wọ yàrá wa wá, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní Àǹtí Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n òun tó wà l'Ékòó, ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní yàrá wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kí wọ́n lọ sinmi.

Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ó rẹ̀ mí ni?"

"Kò rẹ̀ yín, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó ni."

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa sun yàrá yìí pẹ̀lú ọmọ yìí?"

Bọ̀dá wò mí. Ó ní, "Rúkà ti dàgbà. Ó lè máa dá sùn títí bàbá ẹ̀ á fi wá mú un."

Ìyá Àgbà ní òun ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Tí mo bá jí ní ìdájí, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tẹ́tí sí omi bútà. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ó ṣì wà, àyà mi á sì balẹ̀. Mo máa ń fi gbogbo ìrun tí mo bá kí bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má mú un lọ. N ò bẹ̀ ẹ́ fún ojú rẹ̀. Nǹkan funfun tó ń bò ó lójú, n ò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí wọ́n lè ṣe sí i. Mo rò pé bí irun orí ṣe ń funfun náà ni.

Láàárín àkókò yẹn, Bọ̀dá Ràṣídì so gílóòbù gígùn kan mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Ó ní àwọn á máa fi di agbọ̀n lálẹ́ bí mọ́tò Màlámù bá pẹ́ dé. Ìyá Àgbà ní, "Fi í sí ibi tó bá wù ọ́. Má ṣáà ti ṣa obì nídìí ẹ̀." Ní ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán, ilẹ̀ ṣú, a jẹun lójú àtùpà, a sùn. Kò sẹ́ni tó rántí pé a ò pa gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tàn án. Òkùnkùn ṣì kún ìta nígbà tí iná dé. Ìmọ́lẹ̀ náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sórí ibùsùn Ìyá Àgbà, mo sì rí i tó dìde jókòó.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, a ti sùn gbàgbé."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọn ò tíì pe ìrun."

"Wọ́n ti pè é. Oorun ni ò jẹ́ ká gbọ́. Dìde."

Ó yára ṣe àlùwàlá, ó kí ìrun Àsùbáà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun náà, ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́, kò sì pẹ́ rárá. Ó fi ìka kan àkọ́kọ́, ó ní, "Funfun nìyí." Ó kan èkejì, ó ní, "Pupa nìyí." Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. "Ojú mi dá lónìí, Àbẹ̀kẹ́. Alihamdulilahi." Ó wá sọ ọ́ pé ojúmọ́ ti mọ́, ohùn rẹ̀ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Ràṣídì ló kọ́kọ́ jáde. Ó wo ojú ọ̀run lẹ́yìn àjà, ó wo gílóòbù, ó wo ìyá rẹ̀ tó ti ń tẹ́ àpò sílẹ̀ fún àtẹ. Àǹtí Sílífá jáde, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ sì mi orí fún un. Ìyá Múyì náà dé, aṣọ ìbora ṣì wà léjìká rẹ̀. Òun tí kì í dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ilẹ̀ ò tíì," Àǹtí Sílífá sì di ọwọ́ mi mú ṣinṣin lábẹ́ ìró rẹ̀. Bọ̀dá tú okùn agbọ̀n. Wọ́n jókòó yí ká, gbogbo wọn gbé àtẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣa obì ní ìdájí, nítorí ìyá ilé ti ní ojúmọ́ mọ́. Ẹyọ obì ń bọ́ sórí àtẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ìtàn obì tí bàbá rẹ̀ gbìn, wọ́n ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." N ò tíì rí ibi tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mú iná lọ.

Òkùnkùn náà bò wá lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó mira. Obì kan yí bọ́ látorí àtẹ, ó ń yí lọ lórí sìmẹ́ǹtì, a gbọ́ ọ títí ó fi dúró. Ìyá Àgbà pe ọmọ rẹ̀.

"Ràṣídì."

"Màmá."

"Ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run?"

Ó gbójú sókè. Ó wá ní, "Ó wà, mà."

"Ẹ sì jókòó."

Ìyá Múyì ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. A rò pé," kò sì lè parí rẹ̀. Inú òkùnkùn yẹn la wà nígbà tí Ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí pe ìrun. Ìyá Àgbà fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó ní kí n fa òun lọ́wọ́ lọ sídìí bútà. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó ní kí n fa òun. Ó tún àlùwàlá ṣe, ó sì tún ìrun rẹ̀ kí, nítorí èyí tó kí ṣáájú kò bọ́ sí àsìkò. Ní ọjọ́ náà, oòrùn ti kan ara ògiri kí ẹnikẹ́ni tó padà sídìí agbọ̀n.

Mo rò pé ó bínú sí wọn. Lálẹ́, nígbà tí a dùbúlẹ̀, ó ní òun ti ní kí Ràṣídì ránṣẹ́ sí Sàfúrátù. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí ó má lọ, mo ní èmi á máa bá a wo obì, n ó máa sọ èyí tó funfun fún un ní etí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n bá ti bá mi jà ni, ǹ bá dúró. Bí Ràṣídì bá ní, 'Màmá, òru ni, ẹ padà lọ sùn,' èmi náà á fún un ní tirẹ̀, a ó jọ pariwo, ojúmọ́ á mọ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n ti ń kẹ́ mi bí ẹni ń kẹ́ ọmọ. Nígbà tí ó bá ti dà bẹ́ẹ̀, obì Màlámù á bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Mo bi í pé ṣé kò ní fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Ó ní ilé ìwé mi ńkọ́, bàbá mi ńkọ́. Ó fọwọ́ pa mí lórí títí oorun fi gbé mi lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Sàfúrátù fi takisí wá. Ẹrù Ìyá Àgbà kò pọ̀, àpótí kan, ẹní ìkírun rẹ̀, bútà rẹ̀. Màlámù Dàúdà wá kí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀. Ìyá Múyì sunkún ju ọmọ bíbí inú Ìyá Àgbà lọ. Nígbà tó kàn mí, Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó wá orí mi rí, ó ní, "Máa jí kírun." Ìyẹn nìkan. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, a dúpẹ́, mo sì máa ń lọ wò ó ní àsìkò ìsinmi. Ṣùgbọ́n kò tún sun ìlú Ṣàgámù mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé náà, Àǹtí Sílífá ní kí n wá sùn ní yàrá tiwọn. Mo kọ̀, mo ní ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀rù bà mí. Yàrá náà gbòòrò, ibùsùn tó ṣófo sì dà bí ẹni pé ó ń wò mí. Mo jí ní ìdájí láìsí ẹni tó jí mi. Mo tẹ́tí, kò sí ìró omi. Mo fi ike bu omi, mo ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé nínú òtútù, mo dúró de Ládàánì, mo sì dá ìrun mi kí, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí n ò ní gbọ́ ohùn ẹlòmíì nítòsí mi. N ò mọ àdúrà wo ni kí n ṣe. Mo kàn dúpẹ́, nítorí òun ló kọ́ mi pé bí èèyàn ò bá mọ ohun tí yóò sọ fún Ọlọ́run, kó dúpẹ́.

Nígbà tí mo jáde, Bọ̀dá Ràṣídì wà lórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó ní, "O ti kírun?" Mo ní mo ti kí i. Ó sún díẹ̀, mo jókòó tì í. Èèyàn ńlá ni, òun àti èmi kì í sábà jókòó pọ̀. Agbọ̀n wà lẹ́yìn wa.

Ó ní, "Rúkà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ ohùn tí Ìyá Àgbà fi ń sọ ọ́. Mo la ẹnu, n ò lè sọ ọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀run funfun díẹ̀, ó wá pọ́n, ewúrẹ́ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí ké, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá lọ sọ́nà Ìkòròdú. Mo lè rí ìka ẹsẹ̀ mi. Mo lè rí irun àgbọ̀n Bọ̀dá, mo rí i pé ó ti ń hu funfun. Ìyá Múyì gbé àtẹ jáde, ó dúró, ó wo àwa méjèèjì, ó wo ẹnu àbáwọlé tó ṣófo.

Ó ní, "Ṣé kí n jókòó?"

Bọ̀dá ní, "Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Àǹtí Sílífá náà jáde. Bọ̀dá Ràṣídì dìde, ó tú okùn agbọ̀n àkọ́kọ́, àwọn obìnrin sì tẹ orí ba lórí àtẹ wọn.